Títì Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Àkọsílẹ̀ Àdúgbò Kan Lẹ́bàá Abuja

Lẹ́tà tí a kọ sí kánsù nípa títì wa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 padà sọ́wọ́ wa ní oṣù Kejìlá. Ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ gbólóhùn kan sí etí rẹ̀: "Títì yìí wà nínú ìwé wo?" Kò buwọ́ lù ú. Alága ẹgbẹ́ onílé wa gbé awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń fọgbọ́n béèrè. Gbogbo ilé pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi akọ̀wé gbà bẹ́ẹ̀ náà, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí a tó mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni ọkùnrin náà bi wá, àti pé kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú wa.

Àwọn ará wa ní Lugbe, Kubwa, Karu àti Mararaba ti ń pè mí láti ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé a rí gọ́tà gbà. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí a mọ̀ ní ọ́fíìsì. A ò mọ ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìwé ìpàdé síwájú tí mo ń to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò tàbí kánsù, torí mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, àti pé nínú àwọn tó jẹ̀bi, àwa onílé la pọ̀ jù.

Títì wa gùn tó 380 mítà. Ilé 41 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè níbi tí ọ̀dà parí sí, ó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí odò kékeré kan wà tí kì í lómi lẹ́ẹ̀rùn. Àwa Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, a wá láti Ọ̀fà, Ìkìrun, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́. Àwọn Ìgbò wà, àwọn Tiv wà, àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ kí gbogbo wa tó dé sì wà ní ìsàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣe ìpàdé, Yorùbá la fi ń jà.

Ẹni tó bá wọ Abuja fún ìgbà àkọ́kọ́, tó gba Wuse àti Maitama kọjá, á rò pé bí títì ṣe rí níbí nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun Murtala Mohammed fi òfin kẹfà ọdún náà ya ilẹ̀ olú-ìlú sọ́tọ̀, tí wọ́n sì dá FCDA sílẹ̀ láti kọ́ ọ. Ọdún 1979 ni àwòrán ìlú jáde, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tó para pọ̀ sábẹ́ orúkọ IPA ló yà á. Nínú àwòrán yẹn, títì, gọ́tà, páìpù omi àti wáyà iná ló ń kọ́kọ́ wọ ilẹ̀, kí onílẹ̀ tó gbé búlọ́ọ̀kù wá. Owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n gbé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe.

Ọ̀dọ̀ tiwa, ilé ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn èèyàn tó tẹ̀lé wọn pọ̀ ju ibi tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ lọ. Mẹ́síńjà, awakọ̀, tíṣà àti aránṣọ ò lè san owó ilé ní Garki, wọ́n yà sí ìta. Nígbà tí ìjọba wá ń wó ilé tí kò bá àwòrán mu láàárín 2003 sí 2007, ìta yẹn náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lé sá sí. Èmi gan-an, ilé tí mo ń gbé lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú wà lára èyí tí katapílà kọlù. Mo dé àdúgbò yìí pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan àti àpótí ìwé méjì. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ibi tí gọ́tà máa gbà, èmi náà ò bi ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà padà dé, ojú ọ̀nà tí Alága mọ̀ ni a gbà. Ìdìbò gbogboogbò ń bọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2023. Olóṣèlú kan tó ń wá ìbò fi gírédà ránṣẹ́ ní oṣù Kìíní. Ó há títì wa láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ kan péré, a sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí awakọ̀ náà. Inú wa dùn. Ohun tí a ò rí ni pé iyẹ̀pẹ̀ pupa tó le lójú títì ni gírédà kó dànù sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò gbé àárín títì ga kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì sí gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ tó máa gbà á. Títì wá rẹlẹ̀ ju géètì ilé lọ. Nígbà tí òjò dé ní oṣù Kẹrin, títì di odò tiwa. Àwọn obìnrin Gbagyi tó ń ru igi ìdáná lọ sí ọjà, tí wọ́n máa ń gbé ẹrù lé èjìká dípò orí, ni mo máa ń wò láti wíńdò bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan di ògiri mú kọjá. Mi ò rí i kí ẹrù já bọ́ rí. Àwa tí kò ru nǹkan kan ló ń ṣubú.

Ní oṣù Karùn-ún a pinnu láti dáwó fún íńtálọ́kì. Ilé kọ̀ọ̀kan á san ₦180,000. Oníṣẹ́ ní ₦6,500 ni mítà onígun mẹ́rin kan. Ṣùgbọ́n ìparí oṣù náà ni ìjọba tuntun yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ní oṣù tó tẹ̀lé e wọ́n jẹ́ kí náírà wá ìwọ̀n ara rẹ̀, ọjà sì gbéra. Ilé 29 ló san, àwọn kan san án díẹ̀díẹ̀ títí ọdún fi yí. Nígbà tí owó pé ₦5,220,000 ní oṣù Kejì ọdún 2024, sìmẹ́ńtì ti kọjá ₦10,000 fún àpò kan, oníṣẹ́ sì ti gbé iye rẹ̀ dé ₦9,500. Owó tó yẹ kó ṣe 160 mítà ní fífẹ̀ mítà márùn-ún, 110 mítà ló ṣe. Òkè la ti bẹ̀rẹ̀, torí òkè ni ilé Alága, akápò àti tèmi wà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ lè kà á.

Íńtálọ́kì náà lẹ́wà. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní oṣù Keje, òjò kan rọ̀ lóru ọjọ́ Sátidé. Omi tó máa ń wọ inú ilẹ̀ lókè tẹ́lẹ̀ ò ríbi wọ̀ mọ́. Ó sáré lórí íńtálọ́kì bí ẹni tí wọ́n lé, ó já sórí ilẹ̀ lásán níbi tí iṣẹ́ wa parí sí, ó gbẹ́ kòtò tó jìn tó orúnkún, ó wá wọ ilé Ìyá Elépo ní ìsàlẹ̀ gba géètì. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa mọ́kànlá ló gbé lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀ láàárọ̀, epo ti kun gbogbo ara ògiri, odò kékeré yẹn pọ́n bí ojú ọjọ́ alẹ́. Ìyá Elépo wà lára àwọn tó san ₦180,000 pé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì san án. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alága, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Owó mi lẹ fi rán omi sí mi." Mo ti wà ní ìpàdé púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bíi ti àárọ̀ yẹn.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e di ìjà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní kí a hú íńtálọ́kì kúrò. Àwọn ará òkè ní kí ìsàlẹ̀ dáwó tiwọn. Alága mú ìwé ìròyìn wá, ó ní kí a má ṣèyọnu, pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, pé kánsù ò ní àwáwí mọ́. A pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Bí owó bá dé lọ́la, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ sí orí rẹ̀?"

Ayálégbé ni. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tó fẹ́ ọmọ ilé kẹtàdínlógún, ìyẹn ni gbogbo wa ṣe ń pè é ní Ìyàwó. Injiníà títì ni, ó ń bá ilé iṣẹ́ aládàáni kan ṣiṣẹ́. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé ní títì wa, a ò pè é sí ìpàdé rí, torí ìpàdé onílé ni. Ọjọ́ yẹn pàápàá, ọkọ rẹ̀ ló wá pè sílé jẹun.

Ìyàwó ní kí a fún òun ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ó mú ọmọkùnrin onísàfíyọ̀ kan wá tó fi ẹ̀rọ wọn ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán àdúgbò, ó san owó, ó gba ẹ̀dà kan. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní pálọ̀ Alága. Ibẹ̀ la ti rí ìdáhùn sí bírò pupa.

Nínú gbogbo lẹ́tà wa, "Ofa Street" la ń kọ. Alága ló sọ títì náà lórúkọ ìlú rẹ̀ ní ọdún tó kọ́lé, ó ra pátákó, ó rì í sílẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Nínú àwòrán, kò sí Ọ̀fà kankan. Nọ́ńbà ni títì náà ń jẹ́. Àfikún kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi sísọ títì lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ náà ló fi títún títì àdúgbò àti gọ́tà ṣe sí. Ẹni tó gba lẹ́tà wa wá Ofa Street nínú ìwé rẹ̀, kò rí i, ó béèrè. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà. Àwa la pè é ní olè.

Ohun kejì le ju ìyẹn lọ. Fífẹ̀ títì nínú àwòrán jẹ́ mítà 12, pẹ̀lú gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lórí ilẹ̀, ibi tó fẹ̀ jù ò ju mítà mẹ́jọ lọ. Ògiri ló jẹ ìyókù. Ilé 14 ló yọ sójú títì, ti Alága yọ ní mítà kan àti ààbọ̀. Ní ìsàlẹ̀, ibi tí àwòrán yà sílẹ̀ kí omi gbà bọ́ sódò, ògiri ẹnì kan wà lórí rẹ̀, ó sì ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀.

Ìyàwó wá ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Irú títì mẹ́ta ló wà ní àyíká olú-ìlú. Àwọn ọ̀nà márosẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àjọ FERMA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002 ló ń tún wọn ṣe. Àwọn títì ńlá inú ìlú jẹ́ ti FCDA, ti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní STDD, abẹ́ mínísítà ni méjèèjì wà. Títì àdúgbò bíi tiwa jẹ́ ti kánsù. Olú-ìlú ò ní gómìnà, kò ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kàn án nínú àpò àpapọ̀, ìyẹn àpò tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ti ń pín owó, ó ń fi owó ilẹ̀ àti owó orí kún un, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná rẹ̀. Ti ọdún 2025 ju tírílíọ̀nù 1.7 náírà lọ. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n títì wa ò sí lábẹ́ rẹ̀, bí a bá ń kọ lẹ́tà sí mínísítà títí ayé, ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa la ń kàn.

Owó kánsù ńkọ́? Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún àpò àpapọ̀ ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ń pín, kánsù mẹ́fà tó wà ní olú-ìlú wà lára wọn. Kí ti kánsù kan tó dé ọwọ́ rẹ̀, owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ti jáde nínú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni gbogbo àdúgbò ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìyàwó bi wá pé, "Owó orí ilé tí kánsù ń gbà lọ́dọọdún, ta ló ti san án?" Alága wo akápò, akápò wo òkè àjà. Nínú ilé 41, ilé mẹ́ta ló ní rìsíìtì. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Elépo.

Ó tún sọ fún wa nípa àsìkò. Láti 2020 ni ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti padà sí oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kánsù wa náà ń tẹ̀lé e. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni àwọn ẹ̀ka máa ń to ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo yẹ ìwé ìpàdé wò: lẹ́tà kan péré la kọ ní oṣù Kẹwàá, ìyẹn èyí tí wọ́n dá padà. Gbogbo ìyókù, àárín òjò la kọ wọ́n, nígbà tí inú ń bí wa tí kò sì sí ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀.

Ó yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi jà lórí ògiri. Ìyàwó sọ gbangba pé òun ò ní ya bíìlì kankan, ìyẹn ìwé ìṣirò owó iṣẹ́, tí ibi gọ́tà ò bá ṣófo, torí injiníà kánsù á wá wọn ilẹ̀, bí kò bá bá àwòrán mu, fáìlì á kú síbẹ̀. Alága ní kí wọ́n fi gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òun ra ilẹ̀ òun lọ́wọ́ àwọn Gbagyi kí àwòrán tó dé. Màì Ángúwà, ìyẹn olórí àdúgbò, la lọ bá níkẹyìn. Bàbá àgbàlagbà ni, ó gbọ́ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Kò dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà yẹn ni àwọn ti ń pẹja lẹ́yìn òjò.

Ní ọjọ́ kẹta, Alága pe bíríkìlà. Ó wó ògiri ara rẹ̀ lójú gbogbo wa, ó gé igi máńgòrò tí ó gbìn nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀. Ó bú Ìyàwó bí wọ́n ṣe ń gé e. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ń ní "Ẹ ṣé, Bàbá," lẹ́yìn èébú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé mọ́kànlá tẹ̀lé e. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló wó tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹnì kan ò wó tirẹ̀ títí di òní. Gọ́tà yà fún un bí ìgbà tí wọ́n ń yà fún wèrè.

Ìwé tí a mú lọ sí kánsù ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2024 kò jọ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà títì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀dà àwòrán, ìwọ̀n ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, fọ́tò kòtò àti rìsíìtì owó orí ilé ti ilé 34 wà nínú rẹ̀. A ò béèrè ọ̀dà. Ìyàwó ní títì ọlọ́dà tí kò ní gọ́tà, òjò méjì ló máa jẹ ẹ́. Gọ́tà tó bá ti wà, ẹnikẹ́ni lè tẹ́ nǹkan sójú títì lẹ́yìn ọ̀la. 320 mítà gọ́tà kọnkéré onírin àti kọ́fáàtì kan, ìyẹn afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ la béèrè, a pín in sí ọ̀nà méjì kí owó kékeré lè gbé apá kan.

Injiníà kánsù wá wọn ilẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ó wọ̀n ọ́n, ó mu omi, ó lọ. Ní ọdún 2025 a rí ìlà kan ṣoṣo nínú ètò ìṣúná kánsù tó jẹ́ tiwa. Mo ya fọ́tò ìlà náà, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kí orúkọ wà nínú ètò ìṣúná ọ̀tọ̀, kí owó jáde ọ̀tọ̀. Àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ olú-ìlú wà ní ìyanṣẹ́lódì fún oṣù púpọ̀ ní ọdún yẹn lórí owó oṣù, ọ̀dọ̀ kánsù ni ẹjọ́ náà ń dé, a sì mọ̀ pé gọ́tà ò lè ṣáájú tíṣà. Èmi tí mo ti ṣe tíṣà rí, mi ò lè bínú sí i. Òjò tún rọ̀. A fi àpò iyanrìn dí ẹnu géètì Ìyá Elépo, akápò ló ń tún un tò láràárọ̀ ọjọ́ òjò. Kò sẹ́ni tó rán an.

Ìparí oṣù kọkànlá ni agbaṣẹ́ṣe dé. Ìsàlẹ̀ ni Ìyàwó ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láti odò máa bọ̀ lókè, kí omi má baà kúrò nílé ẹnì kan lọ sí ilé ẹlòmíì. Kọ́fáàtì parí. Gọ́tà dé 150 mítà, ó dúró síwájú ilé kẹtàlélógún, owó tó jáde tán síbẹ̀. Íńtálọ́kì wa ti rì níbi mẹ́rin lókè, torí a ò fi kọnkéré di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, omi sì ti fa yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ. A máa hú u nígbà tí gọ́tà bá gòkè dé ibẹ̀. Apá kejì ti wà nínú fáìlì. A ti yí òfin ẹgbẹ́ padà pé ayálégbé lè wá sí ìpàdé, ó lè sọ̀rọ̀, kò lè dìbò. Ìyàwó ní ìyẹn náà á dé.

Kánsù ti ri pátákó kékeré aláwọ̀ ewé sí ẹnu ọ̀nà títì, nọ́ńbà wa ló wà lára rẹ̀. Ti Alága ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó láyà láti hú u. Nígbà tí ó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, "Ofa Street" ló tẹ̀ sára ìwé ìpè. Àwọn tó ti Ọ̀fà wá gan-an ló kọ́kọ́ ṣìnà.